Ọwọ́ Tó Yọ Pílọ́ọ̀gì

Ní ilé wa ní Ugbowo, bí iná bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó bá sún mọ́ ògiri jù lọ ló gbọ́dọ̀ sáré lọ yọ pílọ́ọ̀gì fírísà. A kì í bi ara wa pé ta ló kàn. Bí Bàbá mi bá ń gbàdúrà sórí oúnjẹ lọ́wọ́, yóò dìde láìdúró de àmín. Màmá mi ló fi òfin náà lélẹ̀. Ẹja inú yìnyín ló ń tà ní ọjà Ekiosa, fírísà méjì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ló sì ń bọ́ gbogbo wa. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, iná lọ, ó padà dé pẹ̀lú agbára, ó sì jó ọ̀kan nínú fírísà náà. A ò tètè mọ̀. Nígbà tí a máa ṣí i, ẹja inú rẹ̀ ti rà, òórùn náà kò sì kúrò lára kọ́tìnì wa títí ọyẹ́ fi dé. Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá ti ń kọ́ wa bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní àdúrà: yọ ọ́, dúró, jẹ́ kí iná fẹsẹ̀ múlẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí o kì í bọ ihò iná padà.

Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ mi mọ ibi tí ọwọ́ mi ti kẹ́kọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé ó dà bí àwáwí. Ó sì lè jẹ́ àwáwí lóòótọ́. Mo máa ń ṣàlàyé ara mi ju bó ti yẹ lọ. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tó jẹ́ pé bí a bá bá a sọ Yorùbá, Pidgin ni yóò fi dáhùn, máa ń sọ fún mi pé, "Sister, we don hear. E don do."

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ mi ní yunifásítì, mo rí ààyè gbà láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní ìlú òtútù kan ní òkè òkun. Mo lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kọjá, iná kò lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń bà mí. Ńṣe ni mo ń retí rẹ̀ lójoojúmọ́, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé àlejò ń bọ̀ tí wọn ò dá ọjọ́ fún. Gbogbo ibi tí mo bá ti rí ihò iná ni mo ti ń ki fóònù mi bọ̀ ọ́: nínú yàrá ìkàwé, nínú ilé oúnjẹ, kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Marta, ọmọbìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú láàbù, bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé fóònù rẹ ń ṣàìsàn ni?"

Ohun kejì tó bá mi lójijì ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Helen ni ọ̀gá wa ń jẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, irun rẹ̀ ti funfun, ó sì ju Màmá mi lọ lọ́jọ́ orí. Helen ni gbogbo ènìyàn ń pè é lójú ara rẹ̀. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, mi ò pè é ní ohunkóhun. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá lọ dúró síbi tí ojú rẹ̀ ti lè ká mi, màá sì wà níbẹ̀ títí yóò fi wò mí. Nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́.

Iṣẹ́ wa ni pé a ń gbin sẹ́ẹ̀lì, àwọn tó máa ń so pọ̀ di awọ: awọ tó bo ara wa lóde, àti èyí tó tẹ́ inú gbogbo ihò inú wa, láti ọ̀fun dé ìfun. Bí a bá gbìn wọ́n sórí ike pẹlẹbẹ, wọ́n á tẹ́ bí ẹní, wọ́n á sì gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ara. Nítorí náà inú jẹ́ẹ̀lì la ń gbìn wọ́n sí, kí nǹkan lè dì wọ́n mú lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, bí ẹran ara ti ń ṣe. Sẹ́ẹ̀lì kan á pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, wọ́n á ṣù jọ bí bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ihò á là sí àárín bọ́ọ̀lù náà, gbogbo sẹ́ẹ̀lì á sì kọjú sí ihò, wọ́n á kẹ̀yìn sí jẹ́ẹ̀lì. Ìfun kékeré ni, ìfun tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi máíkírósíkóòpù rí i, mo ké "Yéè!" débi pé ẹnì kan sáré wọlé wá wò bóyá mo ti gé ara mi lọ́wọ́.

Jẹ́ẹ̀lì yẹn fìyà jẹ mí kí n tó mọwọ́ rẹ̀. Nílé wa, ohun tó bá ń dì, ìgbà tó bá tutù ló ń dì. Gbígbóná là ń da ẹ̀kọ sínú ewé, tó bá tutù, ó dì. Ti jẹ́ẹ̀lì yìí yàtọ̀. Omi ni lórí yìnyín. Tó bá ti móoru, ó dì nìyẹn, kò sì ní yọ́ mọ́. Ní ọjọ́ kẹta mi, mo gbé ìgò rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì, mo lọ wá ìbọ̀wọ́ tó bá ọwọ́ mi mu. Nígbà tí mo padà, ó ti dì gbagidi.

Marta wo ìgò náà, ó wò mí. "Orí yìnyín," ó ní. "Orí yìnyín ló ń gbé."

Mo kúnlẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Ó rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi, ni òun náà bá kúnlẹ̀, ó ń bá mi wá a nílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mi ò tún ṣàṣìṣe yìnyín mọ́. Ọmọ ẹlẹ́ja ni mí. Mo mọ bí a ṣe ń to yìnyín tí kò fi ní tètè yọ́, mo mọ bí ìka ṣe ń sọ fún ènìyàn pé ohun kan ti fẹ́ móoru. Kó tó di oṣù kẹrin, Marta fúnra rẹ̀ ti ń ní kí n bá òun da jẹ́ẹ̀lì tòun. Mo pe Màmá láti sọ fún un. "Nítorí náà, ẹja ni o ṣì ń tà," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín títí káàdì fóònù mi fi tán.

Àǹtí Itohan ni ẹni àkọ́kọ́ tó pè mí ní ọmọ níbẹ̀. Òun ló ń tún ilẹ̀ ilé náà ṣe. Ilé iṣẹ́ kan tó ń gba agbálẹ̀ síṣẹ́ ló ń rán an wá ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mo ń bá àbúrò mi sọ Pidgin lórí fóònù lọ́jọ́ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí obìnrin kan tó ń nulẹ̀ dúró, tó gbé àgbọ̀n lé orí ọ̀pá mọ́ọ̀pù rẹ̀, tó ń gbọ́ mi. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí.

"Which side for Benin?"

"Ugbowo, ma."

"I talk am! I hear am for your mouth. Me, na Ekiadolor." Ó wá kí mi ní èdè Edo: "Kóyo!"

Mo dá a lóhùn ní ìwọ̀nba Edo tí mo gbọ́. Mo sì yára ṣàlàyé, nítorí mi ò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ, pé Yorùbá ni bàbá àti ìyá mi, pé Ìkéré-Èkìtì ni wọ́n ti wá, pé Benin la kàn ń gbé.

"Dem born you for where?"

"Benin, ma."

"Na Benin water you drink grow?"

"Yes, ma."

"Then who ask you of your papa village?" Ó sì ń nulẹ̀ rẹ̀ lọ.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ní àdúgbò wa ní Ugbowo, "àwọn Yorùbá yẹn" ni wọ́n ń pè wá. Bí a bá dé Ìkéré ní Kérésìmesì, wọ́n á ní, "Àwọn ará Benin ti dé o." Mo ti gbà pé bí ọ̀rọ̀ tèmi ṣe máa rí nìyẹn, pé àárín ọ̀nà ni màá máa gbé. Ó di ìlú òtútù kí agbálẹ̀ kan tó fi gbólóhùn kan parí ẹjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, ó máa ń gbé ẹ̀pà yíyan sí orí tábìlì mi nínú ike kékeré. Bí mo bá dúpẹ́, á ní, "Chop, you too dry."

Helen ṣàlàyé ohun kan fún wa lọ́jọ́ kan tí mi ò gbàgbé. Ó ní bí a bá sọ àwọn sẹ́ẹ̀lì wa sínú omi lásán, láìsí jẹ́ẹ̀lì tó dì wọ́n mú, wọ́n á ṣì ṣù jọ di bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n wọ́n á yí inú síta. Ojú tó yẹ kó wà nínú ni wọ́n á kọ sí òde. Ó ní sẹ́ẹ̀lì kò mọ inú rẹ̀ bí kò ṣe nípa ohun tó fara kan ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn yòókù kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ò lè kọ ọ́, nítorí omi ti ń bọ́ lójú mi, ojú sì ń tì mí pé ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì ni mo fi ń sunkún. Mo rò ó pé bí mo ti rí nìyí: ohun tí mo máa ń tọ́jú sínú nílé ti wà níta fún gbogbo ayé láti rí, ìtìjú mi, ẹ̀rù mi, omi ojú mi. Àǹtí Itohan nìkan ni nǹkan tó kan ẹ̀yìn mi.

Ẹ̀rù tó tóbi jù ni ti lẹ́tà. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán ènìyàn wò níbẹ̀. Bí ó bá pé, Helen ni yóò kọ lẹ́tà bóyá kí n dúró fún ìyókù ọdún ẹ̀kọ́ mi tàbí kí n di ẹrù mi. Màmá ti sọ fún gbogbo ìlà ìsọ̀ wọn ní Ekiosa pé ọmọ òun ń gbin ìfun ènìyàn sínú àwo. Mo máa ń rí ara mi tí mo ń gba ìlà náà kọjá pẹ̀lú àpótí mi, tí àwọn obìnrin ọjà á sì máa yẹ ojú fún mi nítorí àánú.

Ní Ọjọ́ Ẹtì kan tí oṣù kẹfà ti ń parí lọ, àwọn oníṣẹ́ iná fẹ́ dán jẹnẹrétọ̀ ilé náà wò. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn. Mo kà á. Ní ọ̀sán, mo wà nínú yàrá kékeré tí ínkúbétọ̀ wà, àpótí gbígbóná tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé. Àwo mẹ́rìnlélógún tó jẹ́ ti Marta ló wà nínú èyí tó ti pẹ́ jù nínú wọn. Ara ìfun ọkùnrin aláìsàn kan ni wọ́n ti mú sẹ́ẹ̀lì náà, nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọkùnrin náà ti kú.

Iná ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú.

Mi ò lè sọ pé mo ronú. Nígbà tí mo máa mọ̀, pílọ́ọ̀gì ínkúbétọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ mi. Ohun tó sì ń dùn mí jù títí dòní ni pé ara mi balẹ̀. Láti oṣù márùn-ún ó lé, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ara mi máa balẹ̀ níbẹ̀. Iná ti wá ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n sí, èmi náà sì mọ ohun tó kàn láti ṣe. Mo dúró kí iná fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo ń kà á sínú, bí Màmá ti kọ́ wa, títí dé ọgọ́rùn-ún. Mo ti ka nǹkan bí ogójì nígbà tí Marta yọjú.

"Helen ń pè ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́tà rẹ ni."

Mo gbé pílọ́ọ̀gì náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin, mo sì tẹ̀ lé e. Gbogbo ohun tó wà lórí mi dà nù lójú ọ̀nà yẹn. Helen bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta nípa iṣẹ́ mi, ó ní òun yóò kọ lẹ́tà náà kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì lejú. Mo lọ sílé, mo jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, mo ń yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́kàn mi, bóyá ó dára, bóyá kò dára. Bí mo ti lo Àbámẹ́ta àti Àìkú nìyẹn. Pílọ́ọ̀gì kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan. (Ní àárọ̀ tí mo ń kọ èyí ní Ugbowo, iná ṣẹ́jú, ọwọ́ mi sì tún lọ. Mo dá a dúró lágbedeméjì. Mi ò mọ èyí tó tọ́ mọ́.)

Ní Ọjọ́ Ajé, mo bá Marta tó jókòó sílẹ̀ nínú yàrá kékeré náà. Ínkúbétọ̀ ti tutù bí òkúta. Ó ti ko àwo jáde, ó ti wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn bọ́ọ̀lù náà ti dúdú, ihò wọn ti wó. Ó ń sunkún láìpariwo. Mo fún un ní ìwé ìnujú. Ìgbà tí mo na ìwé náà sí i ni mo rí pílọ́ọ̀gì nílẹ̀, níbi tí mo gbé e sí gẹ́lẹ́.

Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Agbálẹ̀ ni. Ó yọ ọ́, ó ki ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ rẹ̀ bọ ihò iná. Ó ti ṣe é rí."

Òótọ́ ni pé Àǹtí Itohan ti yọ pílọ́ọ̀gì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rí láti fi gbálẹ̀, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un. Gbogbo wọn mi orí. Orí tèmi náà mì. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo mì í tàbí ó mì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mì.

Mo fẹ́ sọ bí ẹ̀rù yẹn ti rí. Kì í ṣe ọkàn nìkan ló ń bẹ̀rù. Inú ń bẹ̀rù, eyín ń bẹ̀rù. Mo ń sọ fún ara mi pé lọ́la ni màá sọ ọ́. Mo ń sọ pé bóyá wọn ò ní ṣe nǹkan kan fún un, pé ìkìlọ̀ lásán ni wọ́n máa tún ṣe.

Ní ọjọ́ kejì, Àǹtí Itohan wá bá mi nídìí tábìlì. Kò mú ẹ̀pà wá.

"My daughter, you hear wetin dem talk?"

"I hear, ma."

"My office say make I come Friday, make I bring my pass. Dem go collect am." Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi, ó ń wò wọ́n. "Since morning I dey look this hand. I say, Itohan, you touch am? I no remember. But I don dey old. E fit be me."

Ó ti ń gbà pé òun ni. Mo rí i lójú rẹ̀. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Sorry, ma." Ó fọwọ́ pa mí léjìká, bí ẹni pé èmi ni nǹkan ṣe, ó sì lọ gbé mọ́ọ̀pù rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, mo pe Màmá. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ohùn rẹ ò dáa," ó ní, kí n tó kí i tán.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ẹkún kò jẹ́ kó gbọ́ ti àkọ́kọ́.

"Ìwọ lo yọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O dúró kí iná fẹsẹ̀ múlẹ̀?"

"Mo dúró, mà."

"O ò wá kì í bọ̀ ọ́ padà."

"Mi ò kì í bọ̀ ọ́."

"Háà. Ẹ̀kọ́ àbọ̀ ni mo kọ́ ọ. Obìnrin Ekiadolor yẹn, ṣé òun ló ń fún ọ ní ẹ̀pà?"

"Màmá..."

"Mo bi ọ́ ni. Ṣé òun ni?"

"Òun ni, mà."

"O sì jẹ ẹ́." Ohùn rẹ̀ wá yí padà, ó di ti ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́. "Ta ni àgbà tí yóò mú ọ lọ bẹ ọ̀gá rẹ?"

Mo ṣàlàyé fún un pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń lọ fúnra rẹ̀.

"Òun nìkan? Bí ọmọ òrukàn?" Ẹnu yà á gidigidi. "Èmi ò bí ọmọ òrukàn. Lọ́la, bí o bá fẹ́ wọlé tọ ọ̀gá rẹ, pè mí kí o tó kan ilẹ̀kùn. Èmi ni màá mú ọ wọlé."

Bí mo ti dúró níwájú ilẹ̀kùn Helen ní ọ̀sán ọjọ́ kejì nìyẹn, tí Màmá wà nínú fóònù lọ́wọ́ mi. Mo tẹ sípíkà. Mo kan ilẹ̀kùn, mo wọlé, mo sì kúnlẹ̀ kí n má bàa sá.

"Helen," mo ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. "Èmi ni mo yọ pílọ́ọ̀gì ínkúbétọ̀. Kì í ṣe agbálẹ̀."

Kí ó tó lè sọ̀rọ̀, Màmá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tó ti fi gbogbo òru tò. Ó kí i. Ó ní òun ni ìyá. Ó ní ọwọ́ tó yọ pílọ́ọ̀gì náà, ọwọ́ òun ni, nítorí òun lòun kọ́ ọ, kí ó bá òun wí kó fi ọmọ sílẹ̀.

Helen yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ta nìyẹn?"

"Màmá mi ni."

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

Ohùn mìíràn wọlé láti inú fóònù. Ìyá Osas ni, tó ń ta tòmátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. "Madam, abeg! She dey kneel down o! For ground!" Lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ àwọn obìnrin mìíràn, bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pọ̀ ní Edo, ní Yorùbá, ní Pidgin. Gbogbo ìlà wọn ló ti wá síbẹ̀. Ojú tì mí gidi gan-an, ṣùgbọ́n mo tún ní ìmọ̀lára mìíràn tí mo ń wá orúkọ fún títí dòní: ẹ̀yìn mi móoru.

"Jọ̀ọ́, sọ fún un kó dìde," Helen ní. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ìwọ náà, dìde."

Mo jókòó, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà: fírísà, ẹja tó rà, kíkà dé ọgọ́rùn-ún. Helen gbọ́ ọ dé òpin. Lójú mi ló kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ àwọn agbálẹ̀ pé kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ obìnrin náà, ó sì ní kí n kà á kó tó fi ránṣẹ́. Ó wá sọ fún mi pé oṣù mẹ́fà mìíràn lòun yóò kọ sínú lẹ́tà mi, kì í ṣe ìyókù ọdún ẹ̀kọ́ mi, pé òun yóò tún máa wò mí.

"Kì í ṣe nítorí pílọ́ọ̀gì," ó ní. "Ẹnikẹ́ni lè ṣe àṣìṣe. Nítorí ọjọ́ mẹ́ta tí o fi dákẹ́ ni."

Mo ní ó tọ́. Ó sì tọ́.

Nígbà tí mo jáde, Màmá ṣì wà lórí fóònù. "Ó ní kí n dìde, mo ti gbọ́," ó ní, "mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n di ẹrù ẹlẹ́rù lé lórí. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni yẹn, pè mí."

Marta ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Ó gbọ́ mi, kò pariwo.

"O rí mi tí mo ń sunkún," ó ní.

"Mo rí ọ."

"O fún mi ní ìwé ìnujú."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó yí àga rẹ̀ padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Nínú àwo mẹ́rìnlélógún, bọ́ọ̀lù méjì ló ṣì ní ihò láàárín. Lára àwọn méjì yẹn ló ti tún wọn gbìn, ó sì pẹ́ kó tó tún ní kí n bá òun da jẹ́ẹ̀lì.

Ní aago márùn-ún, mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àǹtí Itohan ti ibi ìpẹ̀kun bọ̀ pẹ̀lú korobá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, mo sì sọ ọ́ ní Pidgin, gbólóhùn kan, láìsí àlàyé kankan: "Ma, na me comot the plug." Mo na fóònù sí i. Màmá ti wà níbẹ̀. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀ bó ti ń sọ̀kalẹ̀ sórí eékún rẹ̀ ní ìlú mi.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," Màmá ní, ó sì tún un sọ ní Edo, Edo ọjà tó ti ń fi tajà láti ọdún tí wọn ò tíì bí mi. Ó bẹ̀bẹ̀ pẹ́. Mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ ibi tó ti pe orúkọ Ekiadolor.

Àǹtí Itohan wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó yí i padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé iná fóònù ti tán. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ fóònù.

"Mama," ó ní, "abeg, stand up. I don hear you. Stand up, make your knee no spoil."

Mo gbọ́ ariwo ọpẹ́ àwọn obìnrin Ekiosa. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí èmi náà dìde.

"You," Àǹtí Itohan ní, kò sì wò mí, "I never talk to you."

Mo gbé ẹsẹ̀ náà padà sílẹ̀. Ó ti mọ́ọ̀pù bọ omi, ó fún un, ó sì ń nulẹ̀ yí mi ká, lápá ọ̀tún, lápá òsì, ó kọjá lọ sí ìpẹ̀kun kejì. Mo wà lórí eékún níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi gbẹ.